Ṣé kí n fi Àdùkẹ́ ṣe pààrọ̀ ọkọ̀ tuntun? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Nọ́ọ̀sì Thamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì fẹ́ dá a rò mọ́.

Mo ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tì kan, Eunos Roadster ọdún 1991. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ yẹn, òun náà ni Mazda MX-5 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Eunos ni wọ́n ń pè é ní Japan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó tèmi wá. V-Special ni, aláwọ̀ ewé, awọ ni ìjókòó rẹ̀, igi ni sítíárìn Nardi rẹ̀. Ìjókòó méjì péré. Mo rà á ní 2006, lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí. Bàbá mi wá kí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ooru ọdún náà. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, a wà á lọ sí Margate. Bí a ṣe ń bọ̀ ni wọ́n fọwọ́ lu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìta, wọ́n ní, "Àdùkẹ́ ni èyí." Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn títí dòní. Bàbá di olóògbé ní 2014.

Ìṣòro mi rèé. Thamesmead ni mò ń gbé, lápá Dartford ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 tí wọ́n ti na ULEZ, àgbègbè tí ọkọ̀ tó ń tú èéfín púpọ̀ ti ń sanwó, dé gbogbo etí London, £12.50 ni mò ń san ní gbogbo ọjọ́ tí Àdùkẹ́ bá yí táyà. Ìwọ̀n èéfín Euro 4 ni wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ onípẹtiróòlù, tèmi ti wà láyé tipẹ́ kí ìwọ̀n yẹn tó dé. Ẹni tó ṣe MOT rẹ̀, àyẹ̀wò ọdọọdún ọkọ̀, kẹ́yìn tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń dógùn-ún.

Ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní àwọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi ní £1,500, kí n fi owó kún un láti mú MX-5 ọdún 2017 tí wọ́n ń tà ní £13,500. Ọkọ̀ náà wù mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú bírò láti buwọ́ lùwé, ọwọ́ mi á wúwo. Wọ́n ní kí n fún àwọn lésì kí oṣù tó parí. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Croydon

Àǹtí, ẹ tà á. Èmi náà ta Golf mi nígbà tí ULEZ dé, ọkàn mi sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Irin lásán ni. Bàbá kò sí nínú ọkọ̀, inú yín ni wọ́n wà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Akáǹtì Ilford

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹ tà á tàbí ẹ má tà á. Iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni owó yín ti ń jò.

Agogo méjìlá òru ni ọjọ́ ULEZ ń bẹ̀rẹ̀, agogo méjìlá òru ló sì ń parí. Bí ẹ bá jáde nílé ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ẹ padà wọlé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì ni lójú wọn. £25 fún iṣẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún jáde lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, owó ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ ti san láàárọ̀ ló gbé e. Nítorí náà, bí alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tò tẹ̀ lé ara wọn, ọjọ́ mẹ́rin lẹ máa san, £50. Bí wọ́n bá fọ́n wọn káàkiri ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ni, £75. Ká ní ọ̀sẹ̀ 46 lẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́dún: £2,300 nìyẹn tàbí £3,450. Ohun tó fi £1,150 ya àwọn méjèèjì kò ju bí ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ yín ṣe to orúkọ lọ. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ẹ wá wo apá kejì. Bí ẹ bá yọ £1,500 kúrò nínú £13,500, £12,000 ló kù tí yóò jáde lápò yín. Bí alẹ́ yín bá tò tẹ̀ lé ara wọn, owó ULEZ bí ọdún márùn-ún ló tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun láti dín ìnáwó kù kò tíì ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Ẹ lè rà á nítorí pé ó wù yín, ìyẹn ò burú. Ẹ kàn má fi ULEZ bojú.

Nǹkan méjì kékeré tó kù. Ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan lọ́jọ́ kan kì í san ULEZ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin sì wà láti Abbey Wood lọ sí Dartford, bí ẹsẹ̀ yín bá lè gbé e. Tí Àdùkẹ́ bá pé 40 ọdún, ó lè wọ ẹgbẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí kì í san owó orí títì, tí ULEZ kì í sì í fọwọ́ kàn. Bí òfin bá wà bó ṣe wà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2032 ni fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1991. Ó ṣì jìn díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ayérayé.

Panẹ́ẹ̀bítà Wolverhampton

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi lẹ fọwọ́ kàn yìí. Mushin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ irin, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo sì ti fi ń ṣe é níbí, MX-5 ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ iye, ẹ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo ti rí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí mo fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tí àtàǹpàkò mi sì wọlé.

Sílì ni à ń pe irin gbọọrọ abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé iwájú táyà ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin, sílì ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló ń ba sílì jẹ́ láti ìsàlẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ̀ tó ti Japan wá sábà máa ń dé pẹ̀lú irin tó mọ́, ogún ọdún nínú iyọ̀ ilẹ̀ yìí ló ń sọ ọ́ di ẹgbẹ́ àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n òkè ni ọ̀tá gidi ti ń wá. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aṣọ máa ń ṣàn lọ sẹ́yìn, ihò kékeré kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó tó ń gbà á, ó sì ń gba inú rọ́bà jáde sísàlẹ̀. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ihò yẹn, omi á wá ọ̀nà sínú ọkọ̀ àti sínú sílì. Á dúró síbẹ̀, á máa jẹ irin láti inú bọ̀ síta. Ìgbà tí ojú yín bá fi máa rí i, inú ti tán.

Ẹ ṣe èyí fún mi lọ́la. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ rọra dà á sí ihò igun yẹn, kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí omi bá jáde wéréwéré, ó dáa. Bí kò bá jáde, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má dà á mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré, irú tí à ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kó má ha ọ̀dà, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ lára sílì. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, fílà, àtè tí àwọn panẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ihò, ni wọ́n fi dí i, kì í ṣe irin. Ẹ tún fi ìdí tọ́ọ̀nàfíìsì kan án jẹ́jẹ́. Irin tó lera máa ń dún gbain. Èyí tó ti kú kì í dáhùn.

Ọ̀rọ̀ MOT: bí irin bá ti jẹrà ní ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ sí ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì ìjókòó tàbí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ ò ní yege. Ìyẹn ni ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ fún yín yóò dà lọ́dún tó ń bọ̀ bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á lẹ irin pẹlẹbẹ lé e lórí ní £150, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Gígé la gbọ́dọ̀ gé irin ìta kúrò, ká wo inú, ká pààrọ̀ èyí tó bá ti kú, ká jó o pọ̀, ká sì fín ìda olómi sínú ihò rẹ̀ kí omi má tún rí i jẹ. Lọ́dọ̀ tèmi, £700 sí £1,200 ni ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó bá ṣe jinlẹ̀ tó.

Nítorí pé 1991 ni tiyín, ẹ tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo púlì tó wà lórí kíráǹkì, ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ́ńjìnnì 1.6 ti ìbẹ̀rẹ̀, orí kíráǹkì rẹ̀ kúrú, púlì lè máa mì lórí rẹ̀ títí yóò fi jẹ ibi tí wọ́n fi tì í. Ọdún 1991 yẹn ni wọ́n yí i padà, tiyín lè jẹ́ èyíkéyìí. Ẹ ka àwọn ihò gígùn ara púlì: mẹ́rin ni ti àtijọ́, mẹ́jọ ni ti èyí tí wọ́n tún ṣe. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, tí púlì kò sì mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà, ẹ kàn máa fojú sí i.

Àti £1,500 yẹn. V-Special tí sílì rẹ̀ lera, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, á tún dúpẹ́. Ọkọ̀ tó dàgbà ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni ilé ìtajà rí, wọn ò rí Àdùkẹ́. Tí ẹ bá tilẹ̀ máa tà á, ẹ má tà á fún wọn.

Ọmọ Èkó Gidi

Kí ló dé tí ẹ ò kúkú fi ránṣẹ́ sílé? ULEZ ò sí l'Ékòó. Ẹ gbé e sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ máa wà á bí ẹ bá wálé ọdún Ojúde Ọba.

Kíláríǹ Apapa

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Èkó, ẹ má tì wọ́n sí gbèsè. Ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Bí ẹ bá gbé e dé èbúté, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Mo ti rí ẹni tí omi dà sílẹ̀ lójú rẹ̀ ní Apapa nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà, Ìbàdàn

Òótọ́ ni Kíláríǹ sọ. Mo wà níléèwé nígbà tí wọ́n yí títì padà, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ òsì là ń gbà tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn òyìnbó tó ṣàkóso wa. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ nípa bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Peugeot 504 ni èmi ní, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Inú rẹ̀ ni mo fi gbé ìyá àwọn ọmọ mi lọ bímọ mẹ́rin. Mo tà á nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì kò jáde, n kò sì ní sọ fún ọ pé mo kábàámọ̀, nítorí iléèwé ọmọ ni mo fi owó náà san. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò ya fọ́tò kan nínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí o bá máa tà á, jókòó níbi tí bàbá rẹ jókòó sí, kí ẹlòmíràn wà ọ́ lọ sí Margate yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tó tà á.

Nọ́ọ̀sì Thamesmead

Bàbá, ẹ ṣeun, sà. Omi bọ́ lójú mi ní ibi iṣẹ́.

Ẹ̀yin tó kù, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ilford, n kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń to alẹ́ mi ló ń jẹ mí lówó tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa lónìí. Mo tún da omi sí ihò méjèèjì. Ọ̀tún jáde kíá. Òsì kò jáde. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó òsì sókè, ó tutù rinrin. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá Ìbejì, Houston

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo ní Miata pupa ọdún 1994. Ìgbà tí mo lóyún ìbejì, gbogbo èèyàn ní kí n tà á kí n ra ọkọ̀ tó láyè. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìbejì kò ṣé gbé sínú ọkọ̀ ìjókòó méjì. Mo tà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fún ẹni àkọ́kọ́ tó kó owó wá. Kò pé ọdún méjì, mo rí i níwájú ilé ìtajà oúnjẹ kan. Wọ́n ti kùn ún ní dúdú, òrùlé rẹ̀ ti ya, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Mo dúró tì í títí yìnyín inú báàgì mi fi yọ́.

Kì í ṣe títà rẹ̀ ló ń dùn mí títí dòní, ó tó àkókò láti tà á. Bí mo ṣe tà á ló ń dùn mí. Mo jẹ́ kí ìkánjú ẹlòmíràn di ìkánjú tèmi. Èmi ni ìbá yan ẹni tí yóò gbà á. Ilé ìtajà tó ní oṣù yìí ni kí ẹ fún àwọn lésì, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ọjọ́ yẹn ń ṣe láǹfààní? MX-5 ọdún 2017 kò wọ́n. Mílíọ̀nù kan MX-5 ni wọ́n ti ṣe títí di 2016. Bí èyí bá lọ, òmíràn á wà. Àdùkẹ́ ni kò ní méjì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ bá tà á níkẹyìn. Ẹ kàn má tà á pẹ̀lú ìkánjú.

Onímótò Méjì, Milton Keynes

Mo ti ní NA, ìran àkọ́kọ́ MX-5 bíi tiyín, fún ọdún márùn-ún; ND, ìran kẹrin tí wọ́n fẹ́ fún yín, ni mò ń wà báyìí, ẹlẹ́ńjìnnì 1.5. N kò rò pé ó tọ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ ND bí ẹni pé ọkọ̀ olówó tí kò lẹ́mìí ni. Ó kúrú ju NA lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, láyé tí gbogbo ọkọ̀ ń sanra. Ti àtijọ́ ní agbára ẹṣin bíi 115, èyí ní 131. Ẹ lè fọwọ́ kan ṣoṣo ti òrùlé rẹ̀ láti orí ìjókòó nígbà tí òjò bá dé, bí iná ojú pópó bá dá yín dúró. Ó ń gbóná ní òwúrọ̀ òtútù. Jíà rẹ̀ kúrú, ó dùn ún yí.

Ohun tí ẹ ò ní rí mọ́ ni iná iwájú tó ń dìde bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ilẹ̀kùn tó lọ sílẹ̀ tí apá yín ń sinmi lé lórí náà ò sí mọ́, àti bí títì ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọwọ́ yín láti inú sítíárìn, nítorí iná ló ń ran ti tuntun lọ́wọ́. Ohun tó pọ̀ ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má wà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ẹni tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ yá irú rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ wà á gba ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín, lọ àti bọ̀. Bó bá jẹ́ 2.0 ti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún 2016 tàbí nítòsí rẹ̀, ẹ bèèrè ìtàn jíà rẹ̀, àwọn kan nínú wọn ti ní láti pààrọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bíi Tiyín, Leeds

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ rèé, èmi ni n ó sọ ọ́ nítorí pé mo mọ ohun tó ń jẹ́ agogo mẹ́jọ àárọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjìlá.

Mo sùn lórí sítíárìn ní 2019. Ìṣẹ́jú àáyá ni. Mo rí ara mi lójú koríko ẹ̀gbẹ́ títì, àpò afẹ́fẹ́ ti bú, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, n kò fara pa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àpò afẹ́fẹ́ nínú sítíárìn onígi Nardi yẹn. Mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ yín, ẹ̀rù sì ń bà mí pé inú rẹ̀ lẹ ti ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. ND gba ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún nígbà tí Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, dán an wò ní 2015, ó sàn ju tiyín lọ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kò nílò spọ́ọ̀tì rárá. Ẹ ra ọkọ̀ kékeré gidi kan tí ULEZ ò lè fọwọ́ kàn, Yaris tàbí Jazz, fi ṣiṣẹ́. Tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí ẹ̀gbọ́n Ilford sọ, kí ẹ sùn nínú rẹ̀. Kí Àdùkẹ́ máa dúró de ọjọ́ tí ojú yín bá dá.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Croydon

Èmi tó ní kí ẹ tà á, mo gba ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Leeds wọlé. Golf ni mo tà, iṣẹ́ ló ń bá mi ṣe, n kò fún un lórúkọ rí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀.

Ṣé ẹ ní ibi tí ẹ lè gbé ọkọ̀ méjì sí?

Nọ́ọ̀sì Thamesmead

Ibì kan ṣoṣo ló jẹ́ tèmi nínú ọgbà ilé wa. Èkejì á dúró sójú títì.

Akáǹtì Ilford

Nígbà náà, Àdùkẹ́ ni kó wà nínú ọgbà, kí ti iṣẹ́ wà níta. Ọkọ̀ tí ẹ bá kọ SORN fún, ìyẹn ìwé tó ń sọ fún ìjọba pé ẹ ò gbé e sójú títì, kò gbọ́dọ̀ dúró sójú títì ìjọba, ṣùgbọ́n nínú ọgbà kò sí ẹni tó lè bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní san owó orí títì rẹ̀ láwọn oṣù òtútù. Ẹ́ńjìnnì 1597 cc ló ní, ó kọjá 1549 cc, nítorí náà owó orí títì tó pọ̀ jù nínú ìpele méjì tó wà fún irú ọkọ̀ yìí ni ó ń san báyìí. Ẹ bèèrè inṣọ́ránsì ọkọ̀ àtijọ́ náà, irú èyí tí ẹ jọ máa fẹnu kò sí iye tí ọkọ̀ tó kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá rin ọ̀nà jìnnà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ lọ́dún, kì í wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Thamesmead *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Oṣù ti parí, n kò buwọ́ lùwé.

Mo yá ND ní ọjọ́ kan àti àbọ̀. Mo wà á lọ sí ibi iṣẹ́, mo wà á bọ̀. Òótọ́ ni Onímótò Méjì sọ, kò sí ohun tí kò fi dára ju Àdùkẹ́ lọ. Mo gbádùn rẹ̀ lọ sí Dartford. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń bọ̀ láàárọ̀, tí orí mi wúwo, tí ọkọ̀ tò síwájú mi títí dé Erith, n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti bọ́ọ̀sì. Ilé ni mo fẹ́ dé. Mo wá wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi, báàgì mi ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ rí tí mo mọ̀. Mo wá rí i pé £12,000 tí mo fẹ́ ná, kò ní gbé mi dé ibi iṣẹ́ ju bí ọkọ̀ £4,000 yóò ṣe gbé mi lọ, kò sì ní gbé bàbá mi.

Mo ra Yaris ọdún 2012 lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí kò wa ọkọ̀ mọ́, ní Bexleyheath. Ọ̀gá wa ti to alẹ́ mi tẹ̀ lé ara wọn láti oṣù tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe mí ní nǹkan mọ́ báyìí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo mú Àdùkẹ́ lọ sí Wolverhampton. Panẹ́ẹ̀bítà wa fi kámẹ́rà olókùn wo inú sílì. Ọ̀tún mọ́. Òsì ni wọ́n ti lẹ irin pẹlẹbẹ lé lórí kí n tó rà á, omi ihò tó dí ti jẹ gbogbo abẹ́ rẹ̀ tán, dé ìdí ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí bàbá mi jókòó sí. Ó ní £1,100. Mo ti rí i gbé. Púlì rẹ̀ sì ní ihò mẹ́jọ.

Mo bẹ ọmọ àbúrò mi kó wà mí lọ sí Margate kí n tó gbé e lọ fún jíjó irin rẹ̀ pọ̀. Mo jókòó sí òsì. Bàbá Àgbà Ìbàdàn, mo ya fọ́tò, sà.

Bàbá Àgbà, Ìbàdàn

Ó ṣeun, ọmọ mi. Fi ránṣẹ́ kí n rí i.

Ìyá Ìbejì, Houston

Èmi náà ń retí rẹ̀!

Panẹ́ẹ̀bítà Wolverhampton

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ gba M6 wá bíi ti ìjọ́sí, ẹ má gba àárín Birmingham kọjá, àwọn náà ń gba £8 tiwọn lọ́wọ́ irú ọkọ̀ yìí. Bí ẹ bá dé, a ó kọ́kọ́ tú bátìrì tó wà nínú búùtù, lẹ́yìn náà a ó yọ ìjókòó méjèèjì àti kápẹ́ẹ̀tì kí iná má baà ta sí wọn. Awọ ìjókòó òsì yẹn ti sán díẹ̀ létí. Ẹ mú aṣọ ìbora kan dání tí ẹ mọ̀ pé ó mọ́, ká fi wé e ká tó gbé e kúrò.